Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọn ò kà: ohun tí Filipínì kọ́ wa nípa ìdánwò àti òdòdó títà lórí fóònù

Bí àkókò ìwọlé ilé ìwé bá ti ń sún mọ́, a máa ń rí i lára ògiri ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Atakpamé lọ́hùn-ún ní Tógò. Ilé ìwé kan á lẹ bébà mọ́ ògiri, á ní nínú 100 ọmọ tí òun fi ṣe ìdánwò, 90 ló yege. Bàbá ọmọ á kà á, á fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò, á ní ibẹ̀ náà lọmọ òun máa lọ. Lórí WhatsApp, ẹlòmíì á gbé fọ́tò ọmọ ọ̀pẹ jáde, á ní gbogbo ẹni tó ti rà á lọ́wọ́ òun ló ń dúpẹ́. Àgbẹ̀ á wò ó, á sì fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Iye tí wọ́n kà ni wọ́n sọ fún wa. Iye tí wọn ò kà, wọn ò sọ. Bẹ́ẹ̀ owó tí à ń ná lé e lórí kì í ṣe owó kékeré. Ẹlòmíì ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ sí yunifásítì. Ẹlòmíì kó owó àjọ tó fi ọdún kan dá, ó fi ra ọmọ igi tó fẹ́ gbìn.

Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí wa, Filipínì, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Níbẹ̀, àwọn yunifásítì máa ń pín ìwé ìbéèrè gan-an. Wọ́n á wá àwọn ọmọ tó ti kàwé jáde lọ́dọ̀ wọn kàn, wọ́n á bi wọ́n pé: ṣé ẹ yege ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́? Ṣé ẹ ti ríṣẹ́? Nígbà tí kòrónà dé, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta òdòdó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùwádìí tún gbé ìwé ìbéèrè lọ bá àwọn yẹn náà. Tá a bá gbé irú ìwádìí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n.

Ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó

Ní Filipínì, kéèyàn parí yunifásítì kò tíì sọ ọ́ di olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún nọ́ọ̀sì, fún ẹnjiníà, àti fún ẹni tó kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìjọba kó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ ni Professional Regulation Commission, tí wọ́n ń pè ní PRC. Ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ti àwọn olùkọ́, òfin ọdún 1994 ló gbé ìdánwò wọn kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1996. LET ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ yege, tí wọ́n bá ro máàkì rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì pín in, ó gbọ́dọ̀ dé 75 nínú 100, kò sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tí máàkì rẹ̀ kò tó 50. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ẹni tí kò bá yege lè padà wá.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ concours tiwa o. Nínú concours, ìjọba ti mọ iye èèyàn tó fẹ́ gbà. Tó bá jẹ́ 500 ni, ẹni tó ṣe ipò 501 á padà sílé bó tilẹ̀ mọ̀wé bí ẹni máa kú. Ní Filipínì, kò sí iye àyè nínú LET. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé 75, ó ti gba ìwé àṣẹ nìyẹn. Nítorí náà, tí ọ̀pọ̀ bá kùnà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àyè ni ò tó. Ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwé tó kọ́ wọn, tàbí ti ìdánwò fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló sì ń kùnà. Ní 2022, òfin kan dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ ilé aṣòfin Filipínì láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò látòkèdélẹ̀. EDCOM 2 ni orúkọ ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ní láti 2009 sí 2023, tá a bá pín in dọ́gba, nínú 100 tó ṣe ìdánwò láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 33 ló yege. Fún àwọn tó fẹ́ kọ́ọ̀yàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, 40 ni. Ẹ rò ó wò. Ọdún mẹ́rin ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi kàwé. Òbí sanwó, ọmọ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ wọ́n mu. Lẹ́yìn náà, nínú 100 tó jókòó ìdánwò, 67 padà sílé láìní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé ìjọba ò lè gba ẹni tí kò ní in sí iṣẹ́ tó dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kàwé ní yunifásítì aládàáni ló ń jókòó ìdánwò àpapọ̀ tí ìjọba ń ṣètò fún licence àti master. Ẹni tó gba licence tó sì fẹ́ ṣe olùkọ́ náà mọ ìdúró. Láti 2019 ni ètò àwọn tí à ń pè ní aspirants ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ọ̀yàn, wọ́n ń gbowó, síbẹ̀ wọn ò tíì di òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá. Àárín ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ gidi, odò kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń là á já.

Bí ìṣirò ṣe ń tàn wá jẹ

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìwádìí oníbéèrè yìí ṣe ń rí. Olùkọ́ yunifásítì kan á mú orúkọ àwọn tó jáde láàárín ọdún mélòó kan. Á wá wọn lórí Facebook, á fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn. Á bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ṣe ìdánwò kí wọ́n tó yege, ṣé wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àmúrasílẹ̀, máàkì wo ni wọ́n ní nílé ìwé. Lẹ́yìn náà, á ka ìdáhùn, á kọ èsì rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń jáde léraléra nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: ọmọ tó ṣe dáadáa nílé ìwé sábà máa ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìwé àṣẹ. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni àwọn nǹkan tí ìṣirò náà ò fi hàn. A mú mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, ta ló dáhùn? Ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ká ní 200 ọmọ ló jáde. 80 dáhùn ìwé ìbéèrè. Nínú 80 yẹn, 60 ti yege. Ilé ìwé á sọ pé 75 nínú 100 ọmọ wa ló yege. Àwọn 120 tó kù ń kọ́? Ẹni tó yege, inú rẹ̀ ń dùn, kíá ló dáhùn. Ẹni tó kùnà ń tijú, tàbí ó ti lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní òkè òkun, tàbí ó ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ pé nínú 120 yẹn, 30 péré ló yege, á jẹ́ pé nínú 200, 90 ni. Ìyẹn jẹ́ 45 nínú 100. Láti 75 dé 45, ẹ ò rí i pé ọ̀nà jìn! Kò sì sẹ́ni tó parọ́. Wọn ò kàn ka gbogbo èèyàn ni.

Ìkejì, ìgbà kìíní ni àbí ìgbà kẹta? Tí PRC bá ń gbé èsì ilé ìwé kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n máa ń ya àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó tún un ṣe. Àwọn tó ń tún un ṣe kì í sábà yege tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká tún fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ká ní ọmọ 50 kọ́kọ́ ṣe é, 40 yege: 80 nínú 100. Ká ní 150 tún un ṣe, 30 yege: 20 nínú 100. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 70 nínú 200, ìyẹn 35 nínú 100. Èwo lẹ rò pé ilé ìwé máa kọ sára ògiri? 80 ni. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ òótọ́ tó wọ aṣọ ìdajì ni.

Ìkẹta, ṣé ohun tó bá nǹkan rìn náà ló fà á? Ìwádìí lè sọ pé àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àmúrasílẹ̀ yege ju àwọn tí kò lọ. Òbí á ní: ó dáa, owó àmúrasílẹ̀ ni kí n wá. Ẹ dúró ná. Ta ló lè san owó yẹn? Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ ni, tí kò ní láti máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó lè jókòó sílé kàwé fún oṣù mẹ́fà. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ náà ló jẹ́ kó yege, àbí àyè tó rí kàwé? Ìwé ìbéèrè nìkan ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìkẹrin, ta ni wọn ò jẹ́ kó wọlé ìdánwò? Ilé ìwé tó bá fẹ́ kí iye rẹ̀ dára lè dá ọmọ tí kò mọ̀wé dúró kí ìdánwò tó dé. Níbí náà, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní candidat libre. Tí ilé ìwé bá sọ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká iṣẹ́ pé kó lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún bac, ìkùnà ọmọ náà kò ní sí lára iye ilé ìwé yẹn mọ́. Bàbá rẹ̀ ti sanwó láti ọdún yìí wá o, àmọ́ lọ́jọ́ ìkà, ọmọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwádìí tó gbọ́ tẹnu ẹni tó yege nìkan, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́.

Ọdún tí ìdánwò ò sí

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2020, ìjọba Filipínì ti gbogbo Luzon pa nítorí kòrónà. Luzon ni erékùṣù ńlá tí Manila, olú ìlú wọn, wà. LET tó yẹ kó wáyé ní oṣù yẹn gan-an, wọ́n sún un síwájú. Wọ́n tún sún un. Ọdún 2020 kọjá láìsí LET rárá. Oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n tó tún ṣe é. Ọmọ tó parí ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 fi ohun tó lé ní ọdún kan jókòó sílé, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́, ọ̀nà ò ṣí.

Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ò ríbi sá sí. Ọgọ́rọ̀ ilé ìwé aládàáni ló ti ilẹ̀kùn lọ́dún náà nítorí pé òbí ò rówó san. Olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tí kò bá ti kọ́ọ̀yàn, kò sówó oṣù.

Àkókò yẹn náà ni òdòdó di nǹkan ńlá. Àwọn èèyàn tí wọ́n há mọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sínú ìkòkò. Ní èdè wọn, tita ni wọ́n ń pe àǹtí, tito ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni tó tó bàbá wa, ìyẹn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ orúkọ igi, ó di plantita àti plantito: àǹtí olódòdó, bọ̀dá olódòdó. Igi tí gbogbo ayé ń wá ni èyí tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ méjì. Monstera tí funfun wà lára ewé rẹ̀ ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún péésò. Mayana, ewé aláwọ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń gbìn sẹ́nu ọ̀nà, tí kò sẹ́ni tó kà á sí tẹ́lẹ̀, ó di ohun tí à ń fowó rà.

Bí wọ́n ṣe ń tà á rọrùn. Ìyá kan á gbé fóònù dúró, á máa fi ewé hàn lórí Facebook níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ “mine”, ìyẹn “tèmi ni”, òun ló ni ín. Á fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ọlọ́kadà á gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí zémidjan ṣe ń gbé ẹrù níbí. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀: ìkòkò, erùpẹ̀, ẹ̀ka tí èèyàn gé lára igi kan tó sì di igi mẹ́wàá. Lára àwọn tó wọ inú òwò yìí ni àwọn olùkọ́ tí owó oṣù wọn ti dúró. Bí odò ìdánwò ṣe kún tí kò ṣeé là, àwọn kan rí igi kan dì mú létí odò.

Ẹni tó ti pa ìsọ̀ dé kò sí níbẹ̀ láti dáhùn

Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé ìwé ìbéèrè lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó, irú ìdáhùn tí wọ́n ń gbà dùn-ún gbọ́: owó díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń tọ́jú ọmọ mi nílé, ó ń bá mi san owó iná. Wọ́n tún sọ wàhálà rẹ̀: igi ń fọ́ lójú ọ̀nà, ẹlòmíì á kọ “mine” tán á sì sá lọ láìsanwó.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, àṣìṣe tá a rí nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò náà ló tún yọjú. Orí Facebook ni wọ́n ti ń wá àwọn tó ń tajà. Ẹni tó ṣì ń tà ni wọ́n rí. Ẹni tí igi rẹ̀ kú, tí owó rẹ̀ wọlé sí i, tó ti pa ìsọ̀ dé, ibo ni wọ́n ti máa rí i? Tí ìwádìí bá sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn olódòdó ń jèrè, ohun tó ń sọ gan-an ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì wà lọ́jà ń jèrè. Ṣebí ìyẹn ló mú kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n béèrè náà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n bi ní ìparí 2020 ń tajà nígbà tí ojú ọjà gbóná. Òwò igi yàtọ̀ sí òwò aṣọ. Ẹni tó ra igi kan lọ́wọ́ rẹ lónìí lè gé ẹ̀ka rẹ̀, kó sì máa bá ọ tà á lọ́dún tó ń bọ̀. Bí gbogbo èèyàn bá ti ní in, iye rẹ̀ á wálẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ìfẹ́ òdòdó yẹn rọlẹ̀.

Nǹkan méjì míì tún wà tí ìwé ìbéèrè lórí èrè kì í sábà kàn. Ọ̀kan ni owó orí. Ní oṣù kẹfà 2020, àjọ tó ń gba owó orí ní Filipínì sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá forúkọ sílẹ̀. Ariwo ta, àwọn èèyàn ní ṣé àwọn aláìní tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni ìjọba tún ń lé. Ìjọba wá ṣàlàyé pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 250,000 péésò lọ lọ́dún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Èkejì ni igbó. Bí owó òdòdó ṣe ń gòkè, àwọn kan wọ inú igbó lọ ń wú igi. Alocasia zebrina wà lára wọn, igi tí ilẹ̀ Filipínì gan-an ni ilé rẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó igbó kìlọ̀ lọ́dún náà pé òfin ọdún 2001 tó ń dáàbò bo àwọn ohun abẹ̀mí inú igbó kò gba irú rẹ̀ láyè. Ìwádìí tó bi olódòdó pé èló lo pa, tí kò bi í pé níbo lo ti rí igi, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa: ọmọ ọ̀pẹ

Ẹnìkan lè ní, kí ló kàn wá pẹ̀lú òdòdó àwọn ará Éṣíà? Àwa ò ra Monstera. Òótọ́ ni. Ọ̀pẹ là ń rà, kajú là ń rà, ọmọ ọsàn là ń rà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti wà lórí fóònù báyìí.

A dúpẹ́ pé ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Yunifásítì ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu. Ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà ní Pòbẹ́ láti ayé àwọn Faransé. Ọ̀dọ́ tó kàwé jáde tó sì ń tọ́jú ọmọ igi tà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ ká mọ bá a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ta ohun tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kó yé wa. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Dura ni èyí tí eepo líle ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ara ẹyìn rẹ̀ kò pọ̀. Pisifera ni èyí tí kò ní eepo líle rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í so èso tó gbó. Tí àwọn olùwádìí bá fi akọ òdòdó pisifera sára abo òdòdó dura, ohun tí wọ́n ń rí ni tenera: eepo ekùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ pọ̀. Tenera ni gbogbo wa ń wá.

Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Tẹ́nìkan bá lọ ṣa ekùrọ́ tó hù lábẹ́ tenera nínú oko tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tenera, tó kó o sínú ọ̀rá, tó sì tà á fún ọ, ọmọ tenera kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nínú mẹ́rin, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ dura, méjì jẹ́ tenera, ọ̀kan jẹ́ pisifera. Hẹ́kítà kan máa ń gba nǹkan bí ọ̀pẹ 143. Nínú 143 yẹn, nǹkan bí 71 ni á jẹ́ ohun tó o sanwó fún. Nǹkan bí 36 á jẹ́ dura. Nǹkan bí 36 yòókù á máa gba oúnjẹ ilẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ so nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sì wà nínú ọ̀rá, ọmọdé ni gbogbo wọn, ewé wọn jọra. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lo máa dúró kó o tó rí èso, kó o tó mọ ohun tó o rà.

Ó yá, ẹ padà sí fọ́tò orí WhatsApp yẹn. “Gbogbo ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ló ń dúpẹ́.” Ìgbà wo ni wọ́n dúpẹ́? Lọ́sẹ̀ tí igi dé ni, nígbà tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó rí ẹyìn. Bí ìgbà tí ilé ìwé bi ọmọ lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí pé ṣé inú ẹ dùn, tí kò padà bi í lẹ́yìn ìdánwò ni. Ẹni tí ọ̀pẹ rẹ̀ kò so lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kò ní nọ́ńbà oníṣòwò náà lórí fóònù mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi wọ́n

A ò sọ pé kí ẹ má gba ìwádìí gbọ́ o. Ìlú tó ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé ibo lẹ dé, ó sàn ju ìlú tí kò béèrè lọ. Ohun tí à ń sọ ni pé ká mọ ìbéèrè tó yẹ ká fi pàdé iye tí wọ́n bá gbé síwájú wa.

Ẹ bi ilé ìwé pé: ọmọ mélòó ló wọlé lọ́dún kìíní, mélòó ló dé ìparí? Mélòó ló jókòó ìdánwò lábẹ́ orúkọ yín, mélòó lẹ ní kó lọ ṣe é fúnra rẹ̀? Iye tẹ́ ẹ kọ sára ògiri yìí, ṣé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é nìkan ni àbí gbogbo wọn? Ọdún wo ni? Ilé ìwé tó mọṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn. Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè, ìdáhùn nìyẹn náà.

Ẹ bi ẹni tó ń ta ọmọ igi pé: níbo lo ti rí irúgbìn? Ṣé bébà ibùdó tí o ti rà á wà lọ́wọ́ ẹ? Ta ló ti rà á lọ́wọ́ ẹ ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn, tí mo lè lọ wo oko rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó rà á lóṣù tó kọjá. Ká fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo igi tó ti so sàn ju ká wo fọ́tò ogún.

Ohun kan kù tó jẹ́ pé àwa fúnra wa la lè ṣe é. Nínú ìlú wa, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá wà. Ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan, kó kọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ tó gba licence láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, láti ojúlé dé ojúlé, láìfo ẹnì kankan. Ẹni tó ti ríṣẹ́, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ń retí concours, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ń gun zémidjan ní Kùtọ̀nù, ẹni tó ń ta ọmọ igi, ẹni tó ti kọjá lọ sí Nàìjíríà, ẹ kọ gbogbo wọn. Ẹ bi òbí wọn pé ilé ìwé wo ló lọ, kí ló kọ́, èló ni wọ́n ná. Kò gba kọ̀ǹpútà. Ìwé àti bíìkì ti tó, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ la ó sì fi béèrè.

Tá a bá ṣe é, lọ́dún tó ń bọ̀ tí ilé ìwé bá lẹ 90 nínú 100 mọ́ ògiri, bàbá ọmọ á ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ tó lè fi wé e kó tó ta ilẹ̀.